Pèrègún Tó Yí Balùwẹ̀ Ká

Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní Ìkàrẹ́, nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú Ìpínlẹ̀ Òndó, tíṣà àgbà kan sọ ọ̀rọ̀ kan nínú yàrá tí a máa ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ tó mú kí n rọra gbé ife omi mi kalẹ̀ kí n má baà dà á sí i lára. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Ó ní, "Ẹ wo àwọn Haúsá Sábó. Àlejò ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́lé, wọ́n lọ Mẹ́kà. Ẹ wá wo àwọn Ìgbìrà inú abà. Àlejò ni àwọn náà, láti ayé baba wọn ni wọ́n ti ń kọ ebè, inú ilé amọ̀ ni wọ́n ṣì wà. Agbára ni wọ́n ní, wọn ò ní ọpọlọ."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Haúsá Sábó ni baba tó bí bàbá mi, Ìgbìrà abà sì ni baba tó bí ìyá mi. Kò sí ẹnì kan nínú yàrá yẹn tó mọ̀, torí pé ọmọ Ìkàrẹ́ ni ẹnu mi ń sọ. Mo bi ọkùnrin náà bóyá ó ti fi ọkọ́ kọ ebè kan rí. Ó ní rárá. Mo ní kí ó máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ. Onínúfùfù ni mí, n ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbínú nìkan ló wà nínú mi lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ ìdáhùn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo mọ ohun tó fi àwọn kan sínú ilé páànù tó sì fi àwọn kan sínú ilé amọ̀, mo sì mọ ohun tí ọwọ́ èmi fúnra mi ṣe nínú rẹ̀. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà.

Bàbá Sábó ni àwa ọmọ-ọmọ ń pe baba bàbá mi. Bàbá Abà ni a ń pe baba ìyá mi. Baba tó bí Bàbá Sábó wá láti òkè Ọya, ó wá ra obì. Baba tó bí Bàbá Abà wá láti ìhà Òkéné, ọkọ́ ló gbé kọ́ èjìká. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa, ọdún tí wọ́n dé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ìkàrẹ́ ni wọ́n bí Bàbá Sábó sí, oko Ọ̀kà ni wọ́n bí Bàbá Abà sí, àwọn méjèèjì kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè pè ní ilé. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀, àlejò ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ilé Bàbá Sábó ní yàrá mẹ́wàá. Páànù ni òrùlé rẹ̀, kànga wà nínú àgbàlá, igi máńgòrò ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga náà tí baba rẹ̀ gbìn nígbà tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ilẹ̀ Sábó fún wọn. Abẹ́ igi yẹn ni àwọn obìnrin máa ń jókòó sí láti fọ obì, tí wọ́n á sì fi ewé gbòdògì tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì má baà gbẹ kó tó dé òkè Ọya. Bí obì bá kọ̀ tí kò tà, àwọn tó háyà yàrá ṣì wà. Télọ̀ kan wà nínú wọn, nọ́ọ̀sì kan wà, oníṣẹ́ ìjọba kan wà. Bàbá Sábó lè ṣàìsàn fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má fi ebi sùn. Mo rí i tó ṣẹlẹ̀.

Ti Bàbá Abà kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣu tó ń wà lọ́dún pọ̀ débi pé lọ́rì ni àwọn oníṣòwò fi ń wá kó o. N ò tíì rí ẹni tó ṣiṣẹ́ tó o láyé mi, mo sì ti rí àwọn òṣìṣẹ́. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti dé oko. Bàbá Sábó a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kírun àárọ̀, ti Bàbá Abà ti parí, ó ti kọ ebè méjìlá. Ṣùgbọ́n iṣu kì í dúró de ẹnìkan. A wà á, a jẹ ẹ́, a tà á, ilẹ̀ padà di ilẹ̀ lásán, ó di ọdún tó ń bọ̀. Bí ó bá ṣàìsàn fún oṣù mẹ́ta, ọdún yẹn ti lọ nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo ni àwọn onílẹ̀ fún baba rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi oko náà hàn án. Kí ó máa gbin ohun tí a ń wà tàbí tí a ń ká láàárín ọdún kan. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Kòkó, obì, òroǹbó, ọ̀pẹ, kò gbọdọ̀ sí ìkankan nínú wọn. Ẹni tó bá gbin igi, ilẹ̀ ló ń gbà. Bí ọdún bá yí po, kí ó mú ogún iṣu tó dára jù fún wọn, kí gbogbo wọn máa bá ayé lọ. Kò sí ẹni tó ka òrùlé páànù mọ́ òfin náà, ṣùgbọ́n gbogbo Ìgbìrà tó wà ní agbègbè yẹn mọ̀ pé lójú onílẹ̀, igi ni páànù.

Bàbá Abà bẹ̀rù òfin yìí débi pé bí ó bá ń jẹ òroǹbó, á máa kó kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, á dìde, á lọ da gbogbo rẹ̀ sínú iná. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún kóró máńgòrò. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹ̀sìn Ìgbìrà ni.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí mo lọ lo ìsinmi Àjíǹde ní abà. Ìyá àgbà ti kú nígbà náà. Bàbá Abà àti àwọn àbúrò ìyá mi ọkùnrin méjì pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn ló ń gbé ibẹ̀. Balùwẹ̀ wọn, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi yí i ká, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́, atẹ́gùn ti fa ìyókù ya. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sóko á rí ẹni tó ń wẹ̀ láti èjìká dé orúnkún. Ọmọ Sábó ni mí, ògiri ló yí balùwẹ̀ wa ká, ọyàn sì ti ń yọ láyà mi. Mo ní n ò ní wẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìyàwó àbúrò ìyá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí ìyáàfin Sábó lọ kọ́ ilé ìwẹ̀ tirẹ̀.

Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Bàbá Abà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ní abà kan ní ìhà Epinmi lọ́jọ́ náà. Mo mú àdá, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò, mo rí àwọn pèrègún tó tò tẹ̀léra wọn níbẹ̀, wọ́n ga, wọ́n gún régé. Mo gé èyí tó wù mí. Mo fi àdá gbẹ́ ilẹ̀, mo rì wọ́n mọ́ ọn yí balùwẹ̀ ká, mo fi okùn so wọ́n pọ̀, mo fi ẹní gbígbó bo ẹnu ọ̀nà. Igi ṣì ṣẹ́kù. Ó dùn mí láti jù wọ́n nù, ni mo bá tò wọ́n lọ tààrà láti balùwẹ̀ dé ẹ̀yìn ọgbà iṣu, kí ewúrẹ́ má baà tún gba ibẹ̀ wọlé. Mo dúró, mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, inú mi dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo bá lọ́rì iṣu padà sí Ìkàrẹ́, torí ìsinmi ti parí.

Ọmọ onílẹ̀ kankan kò lè ṣe ohun tí mo ṣe yẹn. Gbogbo wọn mọ̀ pé pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà oko. Pèrègún etí odò tí mo gé, ààlà láàárín ẹbí méjì ni. Kì í kú bọ̀rọ̀, bí a bá gé e tí a sì rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò, á ta gbòǹgbò. Ní tèmi, n ò gbin nǹkan kan. Mo ri igi mọ́lẹ̀ kí n lè wẹ̀ ni.

Nígbà tí mo padà dé ní ìsinmi ńlá, lásìkò iṣu tuntun, gbogbo wọn ti hù. Ewé tútù yọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó bo balùwẹ̀ náà dáadáa. Mo ń yangàn fún àwọn ìyàwó àbúrò ìyá mi. Bàbá Abà kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo kàn ṣàkíyèsí pé ó máa ń pẹ́ ní balùwẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé ara ló ń ro ó.

Ọjọ́ tí àwọn onílẹ̀ máa wá gba iṣu wọn kò ju ọjọ́ kẹta tí mo dé lọ. Olórí ẹbí wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. A gún iyán fún wọn. Bàbá Abà ti to ogún iṣu náà sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, ó ti fi ọwọ́ nu erùpẹ̀ ara wọn. Olórí ẹbí yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó máa ń bi wá léèrè ẹ̀kọ́ wa, ó sì máa ń fi oríkèé ìka lu iṣu kan láti gbọ́ dídún rẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín. Ó jẹun tán, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, kò jókòó mọ́.

"Ta ló gbin pèrègún tí ń bẹ lẹ́yìn ulé yìí?"

Ìgbà yẹn ni mo rí ojú àwọn àbúrò ìyá mi, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun kan ti bàjẹ́. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú wọn yíjú sí mi, ó yára mú ojú kúrò.

"Mo ní ta ló gbìn ín? Ó yí balùwẹ̀ ká, ó tún tò lọ tààrà dé ẹ̀yìn ọgbà iṣu. Ṣé mo ti kú ni ẹ fi ń pààlà?"

Bàbá Abà dìde. Ó ní, "Èmi ni."

"Ùwọ?"

"Èmi ni, bàbá. Mo fi ṣe ọgbà balùwẹ̀ ni. N kò pààlà."

"Ọdún mélòó ni o ti wà níbí? O ò mọ ohun tí pèrègún jẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín èmi àti wọn. Ó yẹ kí n bọ́ síwájú kí n sọ pé èmi ni. Ọmọ ilé ìwé tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí ń bá gbogbo ayé jà, n kò lè la ẹnu. Ẹ̀rù ló bà mí, n kò ní fi orúkọ mìíràn pè é.

Wọn kò kó iṣu náà. Ìyẹn ló dẹ́rù bà wá jù. Àbúrò olórí ẹbí gé màrìwò, ó so ó mọ́ igi, ó rì í sí ẹnu ọ̀nà oko. Àálẹ̀ ni. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa iṣu kan mọ́ títí di ìgbà tí gbogbo ẹbí yóò fi jókòó ní Ọ̀kà, ní ọjọ́ kẹsàn-án. Gbogbo iṣẹ́ ọdún yẹn wà nínú ilẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Wọ́n lọ tán, àbúrò ìyá mi mú àdá, ó ní òun máa lọ gé pèrègún náà dànù. Bàbá Abà ní kí ó gbé àdá sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá a mọ́, wọ́n á ní a mọ ohun tí a ṣe ni a fi pa á mọ́. Ó jókòó ti ogún iṣu náà títí oòrùn fi wọ̀. Kò wò mí, kò bá mi wí. Ó wù mí kí ó nà mí.

Ní ọjọ́ kejì mo ti wà ní Ìkàrẹ́. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìyá mi, ṣùgbọ́n n ò sọ fún un pé èmi ni mo rì wọ́n. Bàbá mi wà ní òkè Ọya pẹ̀lú ọjà nígbà náà, nítorí náà ìyá mi fúnra rẹ̀ lọ bá Bàbá Sábó lábẹ́ igi máńgòrò. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n mọ̀. Obì wọn lẹ̀ ń rà lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dé Ọ̀kà, ẹ bá wa sọ gbólóhùn kan ṣoṣo."

Bàbá Sábó ń yí obì kan lọ́wọ́, ó ń wá ibi tí kòkòrò ti wọ̀ ọ́.

"Ṣé lóòótọ́ ló gbin pèrègún?"

"Òun ló ní òun ni."

Mo dúró lẹ́yìn ìyá mi.

"Ìyàwó mi, dìde. Ilẹ̀ tí mo jókòó lé yìí, wọ́n fún bàbá mi ni. Mo ní ìwé rẹ̀ nínú àpótí, ṣùgbọ́n ìwé ni. Bí mo bá dé Ọ̀kà tí mo ní kí wọ́n má lé àlejò kúrò lórí ilẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi mí ni pé, ìwọ ńkọ́? Láti ọjọ́ yẹn lọ, wọ́n á máa wo igi yìí." Ó tọ́ka sí orí wa, sí máńgòrò náà. "N kò lè lọ. Bí wọ́n bá lé e, kí ó máa bọ̀ níbí. Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga."

Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò jẹ oúnjẹ ilé rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bàbá tó lọ Mẹ́kà, tí gbogbo ọjà ń dọ̀bálẹ̀ fún, kò lè rìn dé Ọ̀kà nítorí àna rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà mí kí n tó gbà pé ẹ̀rù kan náà ló wà nínú ilé méjèèjì. Ti Sábó kàn ní ògiri tó bò ó ni.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, èmi àti ìyá mi bá Bàbá Abà lọ sí Ọ̀kà. Àwọn àgbà ẹbí tó jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà pọ̀. Bàbá Abà jókòó sórí ilẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olórí ẹbí sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kò pariwo, ìyẹn sì ṣòro láti gbọ́ ju ariwo lọ.

Ó ní, "N ò kórìíra rẹ. Iṣu rẹ dára, ẹnu rẹ dára. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí mi gba àwọn kan sí oko wa ìsàlẹ̀. Igi kòkó mẹ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní eré ni. Ìgbà tí a dé kóòtù, adájọ́ bi wọ́n pé kí ni ẹ̀rí wọn, wọ́n na ọwọ́ sí kòkó. Ilẹ̀ yẹn ti lọ. Èmi ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ mi sọ pé ojú mi ló ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Bàbá Abà ní, "Pèrègún kì í so èso, bàbá."

"Kì í so èso. Ó ń sọ̀rọ̀."

Mo dìde níbi tí mo wà. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi..."

Bàbá Abà yíjú padà, ó wò mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti so àálẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wò mí lójú. Ó ní, "Lọ gbé omi mímu wá fún àwọn bàbá."

Mo lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìkòkò omi nínú ilé tí n kò mọ̀, omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé, ó ti parí. Wọ́n ní kí ó wa iṣu ọdún náà tán, kí ó má kọ ebè fún ọdún tó ń bọ̀. Bàbá Abà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ kí a wa iṣu." Ìyá mi bú sẹ́kún lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n Bàbá Abà kò sunkún.

Kí ó tó kúrò ní abà, òun fúnra rẹ̀ ló fa àwọn pèrègún náà tu. Wọ́n ti ta gbòǹgbò, ó ní láti lo ọkọ́. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí n máa wo òun. Ó tu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ tún wọn gbìn.

Àwọn àbúrò ìyá mi lọ tọrọ ilẹ̀ ní ìhà Ìṣùà. Bàbá Abà wá sí yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga. Láti oko ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta tó ti gbọ́njú bá, ó di ẹni tó ń ṣe àgbàṣe lóko olóko, tó sì ń dá oko kékeré kan tó háyà lẹ́yìn ìlú. Nígbà tó kọ́kọ́ wa iṣu nínú oko kékeré yẹn, ó ru mẹ́wàá tó tóbi jù wá sí iwájú ilẹ̀kùn Bàbá Sábó. Ó to wọ́n sílẹ̀, ó fi ọwọ́ nu erùpẹ̀ ara wọn.

Bàbá Sábó jáde, ó ní, "Kí lèyí? Ṣebí àna ni wá."

Bàbá Abà ní, "Ilẹ̀ yín ni mò ń sùn lé."

Wọ́n ṣe é tì, wọ́n ṣe é tì. Bàbá Abà kò wọ yàrá lọ títí Bàbá Sábó fi ní kí wọ́n kó iṣu náà wọlé. Ọdọọdún ló ń mú u wá lẹ́yìn náà, kò sì sí ẹni tó tún bá a jiyàn. Bàbá Sábó ní kí ó gbin ohun tó bá wù ú sí àgbàlá, kí ó gbin igi bí ó bá fẹ́, kò sí ẹni tó máa bi í. Ata ló gbìn, àti àgbàdo. Lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, mo rí i lọ́pọ̀ ìgbà tó jẹ máńgòrò tán, tó dìde, tó lọ ju kóró rẹ̀ sínú iná àwọn obìnrin.

Bí mo ṣe kúrò ní yàrá àwọn tíṣà lọ́jọ́ tí mo sọ yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ. Ó ti di arúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Mo fi ìbínú sọ ohun tí ọkùnrin náà sọ fún un, pé Ìgbìrà ní agbára, wọn ò ní ọpọlọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá ọkùnrin náà ṣì ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.

N kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo ri pèrègún yẹn mọ́lẹ̀. Ìsinmi Àjíǹde, ọjọ́ tí ẹ lọ kí ọlọ́fọ̀. Èmi ni mo sọ yín di aláìnílẹ̀." Ẹkún gbà mí.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ta ni ìbá tún ṣe é? Àwọn ìyàwó ọmọ mi sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé."

"Wọ́n sọ fún yín?"

"Wọ́n ní kí n tètè fà á tu. Mo ní ó dàárọ̀. Mo wọlé lọ wẹ̀ láàárọ̀, mo dì í mú. Kò tíì ta gbòǹgbò nígbà yẹn, ìka méjì ni mo lè fi fà á."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fà á nígbà náà. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, bí ẹni tí ojú ń tì.

Ó ní, "Ọjọ́ kẹjọ ni ewé kan yọ lórí èyí tó wà lápá ọ̀tún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ohun tí mo máa wà jáde nílẹ̀ ni mò ń gbìn. Mo ní kí n wo èyí tí n kò ní wà jáde, ó kéré tán títí òjò á fi lọ."

Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ gbé omi ìwẹ̀ òun wá. Mo fa omi nínú kànga, mo gbé e sí balùwẹ̀ fún un, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú dé ibẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ balùwẹ̀ Sábó, ó sì ní ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ rárá tó fi jáde.